Owó ọjọ́ 28 fún físà Ìlú Ọba: kí ló dé tí wọn kò gba owó àbúrò bàbá mi?

Láti 11 oṣù Kọkànlá, 2025 ni ìjọba Ìlú Ọba ti fi kún iye owó tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ti wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko, kó tó rí físà gbà. Ìbéèrè kò dẹ́kun láti ìgbà náà nílé-Ifẹ̀, pàápàá lẹ́nu àwọn tó ń parí ní OAU. Àwọn tí wọ́n ń bi mí jù nìyí.

Èló ni báyìí?
£1,529 lóṣù bí ilé ẹ̀kọ́ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, £1,171 bí kò bá sí níbẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ bá tilẹ̀ gùn ju oṣù 9 lọ, oṣù 9 náà ni wọ́n ń kà. Ẹni tí kò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, £10,539 ni tirẹ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún kìn-ín-ní tí ẹ kò tíì san kò sí nínú rẹ̀ o. Ẹ ṣírò ìyẹn mọ́ ọn.

Ṣé wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ mi ni?
Rárá. Wọ́n kàn fẹ́ rí i ni.

Àbúrò bàbá mi ló tọ́ mi dàgbà. Kí ló dé tí wọn kò gba owó rẹ̀?
Ibí yìí ló máa ń dun àwọn ará wa jù. Lọ́dọ̀ tiwa, àbúrò bàbá ẹni, bàbá ẹni ni. Òfin tiwọn kò ka ẹbí bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìjọba tàbí yunifásítì tó bá ń ran yín níléèwé, owó tí wọ́n ń gbà ni tiyín, ti bàbá tàbí ìyá yín, ti ọkọ tàbí aya yín (bí ẹ bá jọ ń tọrọ físà, tàbí bó bá ti ní tirẹ̀), àti ti alágbàtọ́ tí òfin fọwọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n kò sí níbẹ̀, àbúrò ìyá kò sí níbẹ̀, bó ti wù kó lówó tó. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣoore, kí wọ́n fi owó náà ta yín lọ́rẹ, kó wọ àkáǹtì tiyín, kí ẹ wá máa ka ọjọ́ láti ìgbà tó wọlé.

Bó bá jẹ́ ti òbí, ìwé ìbí tó gbé orúkọ wọn ni ẹ máa fi hàn, pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ sí. Mo yẹ ìwé ọmọbìnrin kan wò: orúkọ ilé bàbá ìyá rẹ̀ ló wà lórí ìwé ìbí, orúkọ ọkọ ló wà ní báńkì. Lójú ẹni tó jókòó sókè òkun, ìyá méjì nìyẹn. Ìwé ìgbéyàwó la fi kún un.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ 28?
Bí owó bá pé ní 3 oṣù Kẹfà, 30 oṣù Kẹfà ló pé ọjọ́ 28. Láti ọjọ́ tí ìwé báńkì yín parí sí, ẹ kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀. Owó kò sì gbọdọ̀ dín lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó fi èyí tó ṣe rẹ́gí sílẹ̀, bí báńkì bá yọ owó àlàátì pẹ́nrẹ́n, ó ti dín nìyẹn. Pọ́n-ùn ni wọ́n sì ń fi náírà wa wò, ní iye tí OANDA, ìkànnì tó ń sọ iye pàṣípààrọ̀ owó, bá gbé e lọ́jọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀. Bí náírà bá wálẹ̀ láàárín oṣù yẹn, owó tó tó tẹ́lẹ̀ kò tó mọ́. Ẹ fi lé e dáadáa.

Oko kòkó bàbá mi ní Ifẹ̀tẹ̀dó ńkọ́? Owó àjọ ńkọ́?
Wọn kò ka oko mọ́ owó. Ẹ tà á, ẹ kó àjọ, kó wọ báńkì, kó lo ọjọ́ rẹ̀ pé.

Ẹnì kan ní òun máa yá mi lówó tí yóò kàn jókòó sí àkáǹtì mi. Ṣé ó léwu?
Ó léwu púpọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa san èlé, bí olówó bá sì fà á yọ lọ́jọ́ 27, òfo ni. Wọ́n tún lè pè yín bi léèrè ibi tí owó ti wá. Ayédèrú ìwé báńkì ló burú jù. Wọ́n máa ń bi báńkì, ẹni tí wọ́n bá sì mú pé ó parọ́, wọ́n lè fi ọdún 10 dí ọ̀nà mọ́ ọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é.

Àyẹ̀wò ikọ́ ife ńkọ́?
Èkó tàbí Àbújá ni ẹ ti máa ṣe é. Oṣù 6 ni ìwé rẹ̀ ń lò, ẹ má ṣe é yá jù.

Bí wọn kò bá fún mi ńkọ́?
Owó ìtọ́jú ìlera tí ẹ san pẹ̀lú owó físà, £776 lọ́dún, máa padà. Owó físà kò ní padà. Ẹ fara balẹ̀ ka lẹ́tà wọn. Bó bá jẹ́ àwọn ló ṣàṣìṣe, ọjọ́ 28 lẹ ní láti ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ owó ni kò pé, ẹ jẹ́ kó pé, kí ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè CAS tuntun, ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń jẹ́rìí pé àwọn gbà yín, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lo ọ̀kan.