Bí ìjọba àwọn ìràwọ̀ ṣe kọ́kọ́ wó

Ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1941 ni, nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní New York. Isaac Asimov, ọmọ ọdún 21 tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ní Yunifásítì Columbia, ń lọ bá John W. Campbell, olóòtú Astounding, ìwé ìròyìn tó ń gbé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì jáde. Kò ní ìtàn kankan tó fẹ́ bá a sọ. Ó ṣàdédé ṣí ìwé eré orin Gilbert àti Sullivan tó mú dání, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí àwòrán ayaba àwọn iwin tó wólẹ̀ síwájú ọmọ ogun kan. Ọmọ ogun mú un rántí ogun, ogun mú un rántí ilẹ̀ ọba, ilẹ̀ ọba sì gbé e dé Róòmù. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Campbell, ó ti rí ohun tó máa wí: ilẹ̀ ọba kan tó gba gbogbo ìràwọ̀, tó sì ń wó lọ.

Òun kọ́ ló kọ́kọ́ gbé ìjọba lọ sí ojú ọ̀run. Láti ọdún 1928 ni Edmond Hamilton ti ń kọ ìtàn àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀ láti gba àwọn ayé sílẹ̀ lọ́wọ́ àjálù. Ṣùgbọ́n nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ìta ni ewu ti máa ń wá. Wọ́n á borí rẹ̀, ìjọba á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ti Asimov yàtọ̀. Ìjọba tirẹ̀ ti gbó ni. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Ọ̀dọ̀ Edward Gibbon ló ti kọ́ ìyẹn, ará Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ìtàn bí Róòmù ṣe rẹ̀yìn tó sì ṣubú. Asimov ti ka ìwé ńlá náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ ọkọ̀ ọjọ́ yẹn. Gibbon fúnra rẹ̀ sọ ọjọ́ tí èrò náà wọ òun lọ́kàn: ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1764, tó jókòó sáàárín àwókù Capitol ní Róòmù, tó ń gbọ́ orin àdúrà ìrọ̀lẹ́ lẹ́nu àwọn mọ́ǹkì tí kò wọ bàtà. Apá kìíní ìwé náà jáde ní 1776, ọdún kan náà tí àwọn ará Amẹ́ríkà kéde pé àwọn kò sin ọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Gibbon wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù lásìkò yẹn, ẹ̀yìn ìjọba ló sì wà. Bó ṣe ń kọ nípa ilẹ̀ ọba tó ti kú, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ ń ya lójú rẹ̀.

Ìtàn Asimov tó kọ́kọ́ jáde nípa ilẹ̀ ọba yìí, Foundation, wà nínú Astounding ti oṣù karùn-ún ọdún 1942. Nínú àwọn ìtàn náà, ilẹ̀ ọba ọ̀hún ti lo 12,000 ọdún. Olú ìlú rẹ̀, Trantor, jẹ́ odidi ayé kan tí wọ́n fi irin bò. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 40 bílíọ̀nù, iṣẹ́ ìjọba ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iṣẹ́ gbogbo wọn. Ta ni yóò wá dáko? Ayé 20 mìíràn ló ń gbin ohun tí Trantor ń jẹ, ọkọ̀ ló ń kó o wá. Ẹni tó bá dí ọ̀nà ọkọ̀ yẹn ti di ìjọba lọ́rùn mú. Bí Àríwá Áfíríkà ṣe ń bọ́ Róòmù náà nìyẹn, títí àwọn Vandal, ẹ̀yà ajagun kan, fi gba Carthage, ìlú ńlá ibẹ̀, ní ọdún 439.

Àwọn tó jìnnà sí àárín ló kọ́kọ́ yà. Gómìnà ayé kan tó ń jẹ́ Anacreon sọ ara rẹ̀ di ọba, kò sì sẹ́ni tó lè mú un. Láwọn ayé etí ilẹ̀ ọba, àwọn tó mọ ẹ̀rọ iná átọ́míìkì í tún ṣe ti tán, wọ́n padà sí èédú àti epo. Ibẹ̀ ló máa ń dùn mí jù nígbàkígbà tí mo bá kà á. Ìmọ̀ kú ṣáájú ìjọba, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ìró rẹ̀.

Ní 1945, Asimov kọ ìtàn ọ̀gágun kan, Bel Riose. Belisarius ló fi ṣe àwòkọ, ọ̀gágun tí Justinian, ọba Róòmù ti ìlà oòrùn, rán lọ gba Carthage padà ní 533, tí ọba náà sì wá ń fura sí nítorí ìṣẹ́gun rẹ̀. Riose ń ṣẹ́gun bọ̀ ni, ọba ní kó padà, wọ́n sì pa á. Bí ọba bá lágbára, kò ní jẹ́ kí irú ọ̀gágun bẹ́ẹ̀ gbèrú. Bí ọba bá sì jẹ́ ọ̀lẹ, orí ìtẹ́ ni ọ̀gágun yóò kọjú sí.

Ọmọ Yorùbá tó bá ka ibẹ̀, Afọ̀njá ni yóò sọ sí i lọ́kàn. Ọ̀yọ́ mọ ewu náà dáadáa, ìdí nìyẹn tí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kì í fi í gbé Ọ̀yọ́-Ilé: ẹnu ààlà ni wọ́n ń fi í sí. Aláàfin Aólẹ̀ rán Afọ̀njá lọ gbógun ti Ìwéré, ìlú tó ṣòro gbà, àwọn ọmọ ogun sì yíjú padà sí ẹni tó rán wọn. Aólẹ̀ kú, Ìlọrin yà, nígbà tó sì máa fi di àárín àwọn ọdún 1830, Ọ̀yọ́-Ilé ti ń dahoro. Róòmù ni Asimov ń wò, àmọ́ ohun tó rí ń bẹ nílé wa.

Ẹ wá wo ẹni tó ń sunkún nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí. Asimov ní bí ìjọba bá ti wó, òkùnkùn 30,000 ọdún ló kàn, àfi bí Hari Seldon, onímọ̀ ìṣirò inú ìtàn náà, bá fi ìṣirò dín in kù sí 1,000. Ẹni tó bá yà kúrò lábẹ́ Trantor, oníwà jàgídíjàgan ni wọ́n ń kà á sí. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ayé 20 tó ń dáko léèrè bóyá iṣẹ́ náà wù wọ́n.

Ní ọdún 1960 nìkan, orílẹ̀-èdè 17 gba òmìnira ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn. Ní 1966 ni Robert Heinlein, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé ìtàn àròsọ The Moon Is a Harsh Mistress jáde. Mi ò sọ pé àwa ló ń wò, Amẹ́ríkà tirẹ̀ ló ń wò, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ló gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Òṣùpá ni ayé ń kó ẹlẹ́wọ̀n lọ, àwọn àti ọmọ wọn ń gbin àlìkámà níbẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀rọ jù ú ránṣẹ́ sí ayé, omi dídì abẹ́ ilẹ̀ wọn sì ń tán lọ. Kọ̀ǹpútà ìjọba gan-an bá wọn dìtẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2076 ni wọ́n kéde òmìnira, 300 ọdún géérégé lẹ́yìn ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ju àlìkámà ni wọ́n wá fi ń ju òkúta lu ayé. Ohun tí Gibbon ìbá pè ní ìṣubú, ayọ̀ ni lọ́dọ̀ àwọn ará ibẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, ẹ̀yìn ọlọ̀tẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìtàn wà. Nígbà tí Star Wars jáde ní 1977, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ni gbogbo sinimá ń gbárùkù tì.

Òǹkọ̀wé Ursula K. Le Guin ló dúró wo ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ayọ̀, nínú ìwé ìtàn rẹ̀, The Dispossessed, ní 1974. Òṣùpá ni tirẹ̀ náà. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ló tẹ òṣùpá náà, Anarres, dó, tí wọ́n fi ayé wọn sílẹ̀ láti lọ gbé láìní ọba, láìní ohun ìní. Ó ti lé ní 150 ọdún tí wọ́n débẹ̀. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń pín ebi ọ̀dá. Ọmọ wọn kan, Shevek, onímọ̀ físíìsì, wá fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí ayé tí àwọn baba ńlá wọn ti wá. Èrò pé jọ lẹ́bàá ògiri kékeré tó yí pápákọ̀ náà ká, wọ́n ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Àwọn ọmọ ọlọ̀tẹ̀ ṣa òkúta. Shevek wọ ọkọ̀ lọ, òkúta sì pa ọ̀kan nínú àwọn tó wá dáàbò bò ó.