Kókó tó hù sórí ahọ́n: bí wọ́n ṣe ń mọ irú èyí tó jẹ́

Kókó lè hù sórí ahọ́n kó má dunni rárá, èèyàn á ṣì máa jẹ tùwó ẹ̀, ata ò ní ta á níbẹ̀, àfi ọjọ́ tó bá wo jígí. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ojú lásán ò lè fìyẹn múlẹ̀, tó bá ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí ò lọ, dókítà eyín ló yẹ kó rí i, Ìlọrin ni o, Ọ̀fà ni o, Òmù-Àrán ni o, kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ tàbí nǹkan gbígbóná kàn án.

Wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè bó ṣe pẹ́ tó, ṣé ó ń tóbi sí i, ṣé eyín tó mú kan ń gé ibẹ̀. Wọ́n á fi gọ́ọ̀sì di ahọ́n mú, wọ́n á fi ìka tẹ̀ ẹ́. Èyí tó rọ̀, tó pọ́n, tí wọ́n fi gíláàsì tẹ̀ tó funfun, iṣan ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, tí wọ́n bá já irú ẹ̀ láìmúra, ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún lè má tètè dá. Èyí tó wà nídìí ahọ́n láàárín gan-an lè jẹ́ táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kan tó máa ń wà níwájú ọrùn, tó yẹ kó ti sọ̀kalẹ̀ sọ́rùn láti inú oyún, wọ́n gbọ́dọ̀ ya fọ́tò ọrùn kí wọ́n tó gé e, torí ó lè jẹ́ òun nìkan lẹni yẹn ní.

Èyí tó kù di gígé: tó bá kéré, gbogbo ẹ̀, tó bá tóbi, wọ́n á bù lára ẹ̀. Inú fọ́málínì, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara bàjẹ́, ni wọ́n ń kó o sí lọ sí lábù, kì í ṣe omi.

Ibi tó le jù ni kókó tí wọ́n ń pè ní granular cell tumour, tí kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, tí dókítà Abrikossoff ará Rọ́ṣíà kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1926. Ahọ́n ni wọ́n ti ń rí i jù. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ kún fún nǹkan wínníwínní bíi gàárì, ṣùgbọ́n awọ tó bò ó lókè máa ń ta gbòǹgbò wọlé bíi ti jẹjẹrẹ gẹ́lẹ́, tó bá jẹ́ òkè eréfèé nìkan ni wọ́n bù, lábù lè kọ jẹjẹrẹ sórí bébà, kí wọ́n wá gé ahọ́n ẹni ẹlẹ́ni ju bó ṣe yẹ lọ! Ìyẹn ni wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ bù ú jìn, kí wọ́n sì fi àyẹ̀wò S-100 kún un, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wá èròjà kan tó ń jẹ́ S-100 nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn sẹ́ẹ̀lì kókó yẹn á yọ àwọ̀ kedere.