Nọ́ńbà tí wọn ò fọwọ́ kàn nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì

Lọ́jọ́ tí mínísítà ètò ìṣúná bá dìde láti ka bọ́jẹ́ẹ̀tì, ohun tó yí padà ni gbogbo etí máa ń ṣí sí. Wọ́n fi kún owó orí sìgá. Wọ́n dín ti iléeṣẹ́ ńlá kù. Wọ́n ní àwọn máa kọ́ ilé ìwòsàn. Kò sẹ́ni tó ń pariwo nọ́ńbà tí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà lésìí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ ìjọba ti ń wọ àpò èèyàn láìkan ilẹ̀kùn. Nọ́ńbà dúró sójú kan, ọjà ò dúró dè é.

Òfin ni bọ́jẹ́ẹ̀tì. Apá kan rẹ̀ sọ ibi tí owó yóò ti wọlé: owó orí, owó ibodè, owó ohun àlùmọ́ọ́nì fún orílẹ̀-èdè tó bá ní in, àti gbèsè tí wọ́n fẹ́ yá. Apá kejì sọ ibi tí yóò gbà jáde. Àwọn aláṣẹ ń gbé àbá rẹ̀ wá, àwọn aṣòfin ń fọwọ́ sí i, ìyẹn bí wọ́n bá rí i fẹnu kò. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo owó ló ń gba ọ̀nà yìí kọjá lọ́dọọdún, Amẹ́ríkà sì fi hàn gbangba ní 2025. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò wọ̀ láàárín àwọn aṣòfin, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ wà ní títì fún ọjọ́ 43, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Àwọn òṣìṣẹ́ kan jókòó sílé, àwọn mìíràn ń lọ síbi iṣẹ́ bó ṣe yẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì rí owó oṣù gbà títí ó fi parí. Owó Social Security tí àwọn àgbà ń gbà ní tiẹ̀ ń wọlé bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, torí pé òfin tó gbé e dúró kò nílò kí wọ́n máa dìbò lé e lórí lọ́dọọdún. Kí èèyàn tó bẹ̀rù bọ́jẹ́ẹ̀tì, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ilẹ̀kùn tí owó tirẹ̀ ń gbà jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá wo òṣìṣẹ́ tó ń gba 1,000 lóṣù. Òfin ní kí wọ́n má fọwọ́ kan 600 àkọ́kọ́, kí wọ́n gba 20% nínú ìyókù. Ìyókù jẹ́ 400, wọ́n gba 80, ó mú 920 lọ sílé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gbogbo nǹkan fi 10% wọ́n sí i. Ọ̀gá rẹ̀ lójú àánú, ó fi 10% kún owó rẹ̀, ó di 1,100. Ẹni tó bá gbọ́ á ní kò jèrè, kò sì pàdánù. Ṣùgbọ́n 600 yẹn ò kúrò níbi tó wà. Owó orí wá bọ́ sórí 500, wọ́n gba 100, ó mú 1,000 lọ sílé. Ohun tó ń fi 920 rà lésìí ti di 1,012. Owó 12 ti lọ, kò sì sí mínísítà kankan tó kéde pé òun fi kún owó orí. Kódà ó lè fi òótọ́ inú búra pé òun ò fi kún un.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ọgbọ́n yìí lò. Láti oṣù kẹrin 2021, £12,570 ni owó tí owó orí kì í kàn nínú ohun tó ń wọlé fún èèyàn lọ́dún. Rishi Sunak ló dì í pa nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná, àwọn tó dé ipò náà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń sún ọjọ́ tí wọ́n máa tú u sílẹ̀ síwájú, ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù tí wọ́n ì báà jẹ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n tún sún un dé 2031. Láàárín ìgbà yẹn náà ni ọ̀wọ́ngógó ibẹ̀ gun òkè dé 11.1%, ní oṣù kẹwàá 2022. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀: láti 1985 ni wọ́n ti so àwọn ìlà owó orí ìjọba àpapọ̀, ìyẹn iye tí owó orí ti ń bẹ̀rẹ̀ tàbí tó ti ń ga sí i, mọ́ iye ọjà, àwọn ìlà náà sì ń sún fúnra wọn lọ́dọọdún. Ọ̀nà yẹn ló mọ́ jù, torí ìjọba tó bá fẹ́ gba sí i gbọ́dọ̀ dìde kó sọ ọ́ síta.

Kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà tó dúró ló ń pa aráàlú lára o. Owó orí epo mọ́tò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye pẹ́ńsì lórí lítà kan ni wọ́n fi ń kà á, wọn ò sì fi kún un láti 2011 títí di 2025. Awakọ̀ ló ń jèrè níbẹ̀, àpò ìjọba ló ń jò. Owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni, nítorí náà bí ọjà bá ti gbówó lórí, òun náà ti bá a gòkè láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ohun tó yẹ kéèyàn máa wò nìyẹn: ṣé iye owó ni nọ́ńbà yìí, àbí ìdá? Ṣé ohun tí mò ń san ni, àbí ohun tí wọ́n ń san fún mi?

Níbi VAT ni agbo ilé ti ń mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní. Ká ní 10% ni. Ìdílé tí 100 ń wọlé fún, tó sì ná gbogbo rẹ̀ tán, ti san nǹkan bíi 9 fún ìjọba. Ìdílé tí 1,000 ń wọlé fún, tó ná 500, tó fi ìyókù pamọ́, san nǹkan bíi 45. Lójú, ẹni kejì ló san jù. Nínú ohun tó ń wọlé fún kálukú wọn ńkọ́? Ẹni àkọ́kọ́ san 9%, ẹni kejì ò san tó 5%. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń yọ oúnjẹ tàbí oògùn sílẹ̀ nínú VAT.

Ọ̀nà kan tún wà tí bọ́jẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé láìjẹ́ owó orí rárá, ìyẹn èlé. Bí ohun tí ìjọba fẹ́ ná bá ju ohun tó ń wọlé lọ, á yá ìyókù, àwọn tó ń yá a lówó á sì sọ iye èlé tí wọ́n máa gbà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2022, Kwasi Kwarteng, mínísítà ètò ìṣúná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kéde pé òun máa dín nǹkan bíi bílíọ̀nù 45 pọ́n-ùn kù nínú owó orí, kò sì sọ ibi tí owó tí wọ́n máa fi dí i yóò ti wá. Èlé gbèsè ìjọba fò sókè. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn báńkì ti ń kó ẹ̀yáwó ilé kúrò lórí àtẹ, àwọn àjọ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì sì há débi pé báńkì àpapọ̀ ibẹ̀ ní láti dá sí i ní ọjọ́ 28 oṣù náà. Ẹni tí owó orí rẹ̀ dín kù wá rí i pé èlé orí ilé rẹ̀ ń gun òkè.

Òṣìṣẹ́ lè bá ọ̀gá rẹ̀ dúnàá-dúrà, ó lè daṣẹ́ sílẹ̀, ó lè wá iṣẹ́ mìíràn. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ òfin tó sọ bí owó rẹ̀ yóò ṣe máa pọ̀ sí i, àti ìgbà wo. Abala 173 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ní kí wọ́n máa ṣàtúnyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́dún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá ṣàtúnyẹ̀wò owó oṣù, èyí tó bá kọ́kọ́ yá. Ọdún márùn-ún jìn fún ẹni tó ń ra oògùn lóṣooṣù. Ní Amẹ́ríkà, láti 1975 ni àfikún Social Security ti ń tẹ̀ lé iye ọjà láìdúró de aṣòfin.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òṣùwọ̀n mẹ́ta fún owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba ń san: bí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ṣe pọ̀ sí i, bí ọjà ṣe wọ́n sí i, tàbí 2.5%; èyí tó bá ga jù ni wọ́n ń fi kún un. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n wọn ọjà ṣe pàtàkì tó òṣùwọ̀n náà. Iye ọjà ti oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń lò, oṣù kẹrin ọdún kejì ni owó ń dé. Ní oṣù kẹrin 2022, wọ́n fi 3.1% kún un, nígbà tí ọjà ti fi 9% wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Àfikún 10.1% dé lẹ́yìn ọdún kan. Owó dé lóòótọ́, àmọ́ òtútù tí wọ́n fi ara gbà ti kọjá lọ.

Níbi owó yìí kan náà ni nọ́ńbà tó ń rìn ti fẹ́ pàdé nọ́ńbà tó dúró. Láti oṣù kẹrin 2026, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ owó ìfẹ̀yìntì tuntun tí ìjọba ibẹ̀ ń san jẹ́ £241.30 lọ́sẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ 52, ó di £12,547.60. Ìlà owó orí ṣì wà ní £12,570. Àlàfo £22.40 péré ló kù, 2.5% tó kéré jù lọ sì tó láti gbé owó náà fò ó ní 2027. Ìjọba ti ní òun máa wá ọ̀nà tí ẹni tí kò ní owó mìíràn ò fi ní í máa san owó orí kékeré bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń gba £10 mìíràn lọ́sẹ̀ látibi iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn ti wà lókè ìlà náà ná, láìsí mínísítà tó dárúkọ rẹ̀.