Jíìnì Tó Ń Fò Kiri, àti Okùn Tí Ewéko Fi Ń Dè É

Àgbàdo ló kọ́kọ́ tú àṣírí yìí, pé jíìnì, ìyẹn ohun tó ń pinnu bí ohun alààyè ṣe máa rí, lè fò láti ojú kan sí òmíràn. Kì í ṣe àgbàdo funfun tí wọ́n ń sun ní Lágéré o. Onítótòtó ni, tí àmì àwọ̀ àlùkò máa ń wà káàkiri ara hóró kan ṣoṣo. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Barbara McClintock, ló ń gbìn ín ní ilé ìwádìí Cold Spring Harbor, ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1940. Ó rí i pé ojú kan wà tó máa ń já lára kúrómósómù kẹsàn-án, ọ̀kan nínú àwọn okùn tín-ín-rín tí jíìnì tò sí. Ds ló sọ ojú náà. Ds kì í sì í dá já, àfi bí òmíràn tó ń jẹ́ Ac bá wà nílé. Nígbà tó yá ló wá yé e pé àwọn méjèèjì kì í gbé ojú kan. Bí Ds bá fò wọ inú jíìnì tó ń fún hóró ní àwọ̀, àwọ̀ á pòórá. Bó bá tún fò jáde nígbà tí hóró ń dàgbà, àwọ̀ á padà síbẹ̀: bó bá tètè jáde, àmì á fẹ̀, bó bá pẹ́, á kéré jọjọ.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ níbi àpérò kan lọ́dún 1951, ọ̀pọ̀ ò gbà á. Ọdún 1983 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel, ó ti di ẹni ọdún 81.

Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń parí ìtàn náà sí, bẹ́ẹ̀ ìyókù ló dùn jù lójú tèmi. McClintock fúnra rẹ̀ ti rí i pé irú jíìnì báyìí lè dákẹ́, kó tún jí lẹ́yìn ìran mélòó kan, láìjẹ́ pé ohunkóhun já kúrò lára rẹ̀. Kí ló ń dè é? Ní 1986, Vicki Chandler àti Virginia Walbot yẹ Mutator, òmíràn nínú àwọn afòkiri àgbàdo, wò. Níbi tó ti dákẹ́, èròjà kékeré kan tó ń jẹ́ methyl ti lẹ̀ mọ́ DNA rẹ̀, ìyẹn èròjà tí jíìnì fi ṣe ara: kábọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú háídírójìn mẹ́ta ni methyl, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1994, wọ́n fi tábà hàn ní Jámánì pé RNA, ẹ̀dà tí wọ́n ń kọ láti ara DNA, ló ń júwe ibi tí methyl máa lẹ̀ mọ́. Ara ohun tí afòkiri náà ń kọ jáde gan-an ni ewéko ti ń gé RNA kéékèèké ọ̀hún. Okùn olè ni wọ́n fi ń de olè! Iṣẹ́ náà ò sì kéré: nígbà tí wọ́n ka gbogbo DNA àgbàdo ní 2009, nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 ló jẹ́ afòkiri.

Èyí tó yẹ kó kan àwa ará Ifẹ̀ jù ni ti ọ̀pẹ. Ara rẹ̀ ni ikin Òkè Ìtasẹ̀ ti wá, ẹyìn rẹ̀ náà sì ni àwọn ìyá abúlé ń sè, tí wọ́n ń gún fún epo. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń gé ara ọ̀pẹ tó lépo dáadáa, tí wọ́n ń tọ́ ọ nínú ìgò di ọ̀pẹ tuntun. Àmọ́ àwọn kan á dàgbà tán, á wá so ẹyìn játijàti, tí ẹran mìíràn hù yí ká, tí epo ò sì tó nǹkan. Ní 2015, àwọn ará Màléṣíà àti àwọn ti Cold Spring Harbor kan náà rí ọ̀daràn: afòkiri kan tí wọ́n ń pè ní Karma, tó ti wà nínú jíìnì òdòdó ọ̀pẹ tipẹ́. Bí methyl bá ti bọ́ lára rẹ̀ nínú ìgò, ẹyìn á bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n ti lè yẹ ewé wò báyìí nígbà tí ọ̀pẹ ṣì kéré, kí àgbẹ̀ tó fi ilẹ̀ àti ọdún bíi mélòó kan ṣòfò lé e lórí.