MMI: ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láti yàrá dé yàrá fún ẹni tó fẹ́ di PA

PA (physician assistant) ni òṣìṣẹ́ ìlera tó ń ṣàyẹ̀wò aláìsàn, tó sì ń tọ́jú wọn pẹ̀lú dókítà. Bí ilé ẹ̀kọ́ PA kan ní Amẹ́ríkà bá ti yẹ ìwé tí o fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ CASPA (ìkànnì tí wọ́n ń gbà forúkọ sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ PA) wò, tí wọ́n sì pè ọ́, fara balẹ̀ ka lẹ́tà ìpè náà. Bí o bá rí MMI nínú rẹ̀, bí wàá ṣe múra yàtọ̀. Multiple Mini Interview ni. Dípò kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta jókòó tì ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á pín àkókò náà sí wẹ́wẹ́, ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò sì máa dúró dè ọ́ ní yàrá kọ̀ọ̀kan.

Ìwé kékeré kan máa ń wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ìṣòro kan ló wà nínú rẹ̀. O ní bí ìṣẹ́jú 2 láti kà á. Aago á dún, wàá wọlé, wàá sọ èrò rẹ fún ìṣẹ́jú 5 sí 8. Aago á tún dún, ó di yàrá kejì. Yàrá náà lè jẹ́ 6, ó lè jẹ́ 10. Nígbà mìíràn, òṣèré tó ń ṣe bí aláìsàn ni wàá bá níbẹ̀.

Yunifásítì McMaster ní Kánádà ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀. Ìwádìí wọn lórí rẹ̀ jáde ní 2004. Ohun tí wọ́n fẹ́ tún ṣe ni pé, bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo kò bá wọ̀ pẹ̀lú tìrẹ, kó má di pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Olúkúlùkù ló ń fún ọ ní máàkì tirẹ̀. Mo rò pé ó sàn ju ti àtijọ́ lọ, pàápàá fún ọmọ àlejò.

Jẹ́ ká mú ìṣòro kan tó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àyẹ̀wò fi hàn pé màmá ẹni ọdún 78 ní jẹjẹrẹ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí màmá mọ̀." Kí lo máa ṣe? Ẹni tó dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún arúgbó lè ní òun ò ní sọ. Ẹlòmíràn á ní màmá ló ni ara rẹ̀, òun á sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Méjèèjì ti kánjú jù.

Kọ́kọ́ bi ọmọ náà pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Bóyá bàbá wọn kú láìpẹ́ lẹ́yìn irú ìròyìn kan náà. Lẹ́yìn náà, lọ bá màmá. Kí ló mọ̀ nípa àìsàn náà? Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ tó? Ta ló fẹ́ kó wà níbẹ̀? Ó lè ní kí o bá ọmọ òun sọ ọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n bó bá bi ọ́ léèrè gbangba, o kò gbọdọ̀ purọ́ fún un. Bí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wá ògbufọ̀ ọsibítù, má fi ọmọ yẹn ṣe ògbufọ̀. Sì rántí dárúkọ dókítà tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́: PA kì í dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rù. Ìrònú yìí ni wọ́n ń fún ní máàkì. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn àkọ́sórí fi ń pa olùdíje lára.

Ohun kan tún wà. Wọ́n kọ́ wa pé ká má wo àgbà lójú, ká má sì yin ara wa. Nínú yàrá yẹn, wo ẹni tó ń bi ọ́ léèrè lójú, kí o sì sọ ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe: "Mo tọ́jú aláìsàn rọpárọsẹ̀ nílé àwọn arúgbó." Kò sí ìgbéraga níbẹ̀.

Wọ́n á bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò ṣe dókítà. Má sọ pé ẹ̀kọ́ PA kò pẹ́. Sọ ohun tí o rí lọ́wọ́ PA tí o tẹ̀ lé lẹ́nu iṣẹ́, tàbí pé PA lè kúrò ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ bọ́ sí ti pàjáwìrì láìtún padà sílé ìwé.

Fi fóònù ka ìṣẹ́jú bí o bá ń dánra wò, kí o sì máa pààrọ̀ ẹni tó ń gbọ́ ọ. Sọ fún wọn kí wọ́n má mi orí, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n máa ń kìlọ̀ fún àwọn olùbéèrè kan pé kí ojú wọn má fi ohunkóhun hàn.