Bí wọ́n ṣe ń ṣètò ayé tó ti parun fún fíìmù kékeré n'Ìbàdàn

Kí ẹnikẹ́ni tó ra ọ̀dà tàbí kó máa ṣa páànù jọ, ìbéèrè méjì ló wà ńlẹ̀: kí ló pa ayé run, ó sì ti tó ọdún mélòó? Omi kì í ba nǹkan jẹ́ bí iná ṣe ń bà á jẹ́. Tó bá jẹ́ omi ni, irú èyí tó ya wọlé l'Ógùnpa ní August 1980, ilà ẹrẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára gbogbo ògiri, kó sì dọ́gba láti pálọ̀ dé kíṣìnnì, àmọ́ tó bá jẹ́ àìsàn ló kó àwọn èèyàn lọ, ilé á dúró bó ṣe wà, ìkòkò á ṣì wà lórí àdògán, ẹni tó gbé e kaná ni ò ní sí mọ́.

Ti iye ọdún tó ti kọjá gan-an ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Pẹtiróòlù tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń bàjẹ́, torí náà lẹ́yìn ogún ọdún kò yẹ kí ẹnì kankan ṣì máa gun ọ̀kadà, ọmọlanke ló kù. Ewé Akíntọ́lá á ti bo ojúde, igi ọdán tí ẹyẹ su irúgbìn ẹ̀ sórí ògiri á ti la ògiri ọ̀hún.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á jókòó ti script, wọ́n á máa kọ gbogbo nǹkan tí òṣèré á dì mú, tó máa jókòó lé, tó máa wọ̀, sílẹ̀.

Lokéṣọ̀n, ìyẹn ibi tí wọ́n á ti ya fíìmù, ò le rí. Àlàpà wà nínú àwọn agbo ilé àtijọ́ lápá Bẹẹrẹ àti Òjé, ṣùgbọ́n àlàpà náà ní olóhun o, ọ̀dọ̀ mọ́gàjí, olórí agbo ilé, ni wọ́n á kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n tó wá wò ó bóyá ògiri ò ní wó lu èèyàn, bóyá ejò ò sí níbẹ̀. Apá ibi tí kámẹ́rà máa kọjú sí nìkan ni kí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, owó ò sí fún ẹ̀yìn ilé.

Páànù tuntun kì í tètè dógùn-ún torí síńkì ara ẹ̀, ó sàn kí wọ́n lọ bá ẹni tó ń tú òrùlé ẹ̀ pa. Irin lásán rọrùn: ọṣẹ ni wọ́n á fi fọ òróró ara ẹ̀ kúrò, wọ́n á fi sánpépà ha á, wọ́n á da fínígà àti iyọ̀ sí i, wọ́n á sá a sóòrùn, tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ ó ti ń pọ́n. Aṣọ náà, òkìríkà ni, ìgúnpá àti orúnkún ni kí wọ́n ti fi sánpépà ha á, torí ibẹ̀ ni aṣọ ti ń gbó, èyí tí wọ́n bá fi àlùmọ́gàjí gé ṣákaṣàka máa ń hàn pé irọ́ ni.

Ewé ni kó kẹ́yìn. Èyí tí wọ́n bá já láàárọ̀ á ti rọ kí oòrùn tó kàn tàrí, àfi kí wọ́n hú u tèèpẹ̀ tèèpẹ̀, kí wọ́n máa wọ́n omi sí i títí kámẹ́rà á fi dákẹ́.