Ìdí Tí Nọ́ọ̀sì Fi Ń Ní Kí Ọkọ Dúró Níta

"Mo yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ni, mà." Ojú aláboyún náà wú, ẹ̀jẹ̀ dì sábẹ́ awọ apá rẹ̀ méjèèjì bíi ti ẹni tó fi apá gba ẹgba. Ọkọ rẹ̀ dúró tì í. Gbogbo ohun tí a bá bi ìyàwó, òun ló ń dáhùn. Nọ́ọ̀sì tó bá béèrè níbẹ̀ pé "Ṣé ọkọ yín ló lù yín?" ti dá kún ìyà rẹ̀, torí àwọn méjèèjì náà ni wọ́n jọ ń padà sílé.

Èmi á ní kó wá gun ìwọ̀n, kí ọkọ jókòó dè wá níta. (Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má bínú, gbogbo yín la ń sọ ọ́ fún.) Tí ilẹ̀kùn bá ti padé, màá ní: "Àǹtí, gbogbo ìyá ni mo máa ń bi. Ṣé ẹnì kan wà nílé tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín?" Tó bá ní rárá, mi ò ní fipá mú un. Ó ti mọ ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi, ẹ má bi í pé "Kí lẹ ṣe fún un?" Ẹ má sọ pé ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni. Ẹ má sì pàṣẹ pé kó kẹ́rù lónìí, torí ìgbà tí obìnrin bá fẹ́ lọ gan-an ni ewu máa ń pọ̀ jù.

Ẹ bi í bóyá ọkọ ti fún un lọ́rùn rí. Ọrùn lè má ní àpá kankan. Ṣùgbọ́n bí ohùn rẹ̀ bá há, tàbí tí itọ́ ń ṣòro gbé mì, tàbí tí ẹyinjú ní àmì pupa wẹ́wẹ́, dókítà gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ náà. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ lè ti ya, kí rọpárọsẹ̀ dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ọkùnrin tó ti fún ìyàwó lọ́rùn rí lè pa á lọ́jọ́ kan. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

Tí ọkọ bá fipá bá a lò pọ̀, oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Ní Èkó, Mirabel Centre wà nínú ọgbà LASUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, n'Íkẹjà fún irú ìtọ́jú yìí.

Ohun tó bá sọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ sínú fáìlì ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ibi tí ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà àti bó ṣe tóbi tó. Ẹ má kọ ọ́ sínú káàdì tó ń mú lọ sílé. Nọ́ńbà ibi tó ti lè rí ìrànlọ́wọ́ náà, ẹ má kọ ọ́ sórí bébà fún un: ẹ jẹ́ kó fi orúkọ télọ̀ rẹ̀ pa á mọ́ sórí fóònù.